Orúkọ Tí Àwọn Méjèèjì Fẹ́ràn

Ọjọ́ tí àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ fẹnu kò lórí orúkọ tí wọn yóò sọ ọmọ wọn, kàkà kí inú mi dùn, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí kì í fẹnu kò lórí nǹkan kan. Wọ́n jà lórí àwọ̀ kótìnì, wọ́n jà lórí ibi tí bẹ́ẹ̀dì yóò kọjú sí, ọ̀rọ̀ orúkọ yìí sì ti di gbọ́nmi-si-omi-ò-to láàárín wọn láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé obìnrin ni ọmọ inú ìyàwó wa. Ó wá di ọjọ́ kan tí a ń jẹun ọ̀sán. Àbúrò mi gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Mo ti rí i." Ìyàwó wa ní, "Èmi náà ti rí i." Ni ẹnu wọn bá kó orúkọ kan náà jáde pọ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mi ò sì ní kọ orúkọ náà síbí, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tó bá kà á dé ìparí yóò rí i pé àánú ọmọ tirẹ̀ náà ló ṣe mí.

Òkúta ojú oórì ni àbúrò mi ń gbẹ́. Ẹ̀yìn ilé ló ti ń ṣe é, òun ló ń fín orúkọ olóògbé sára òkúta. Nítorí náà, orúkọ yòówù tó bá dá lábàá, ohun tí ìyàwó rẹ̀ yóò bi í ni pé, "O ò tíì fín in sára òkúta rí?" Orúkọ wo ló kù láyé tí kò tíì fín? Ó dá orúkọ ìyá wa tó ti kú lábàá, bẹ́ẹ̀ òun náà ló fín òkúta ìyá wa. Ìyàwó wa wò ó suu, ó ní, "Ìyá yín ṣèèyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ti lo orúkọ yẹn tán. Ọmọ mi kò ní gba àlòkù." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú eegun, ṣùgbọ́n aboyún ni, mo fi rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà tí ìyàwó wa kò rò mọ́ ọn. Àbúrò mi kì í ka ohun tó ń fín. Ẹbí olóògbé ló máa ń fi ẹfun kọ orúkọ náà sára òkúta fúnra wọn, òun yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, yóò máa fín in bọ̀ síwájú, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà nu ẹfun tó kù. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń rí, kì í rí orúkọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí oorun sùn. Ìgbà tí wọ́n bá wá gbé òkúta, tí wọ́n ń sunkún pe èèyàn wọn, ìgbà yẹn lorúkọ tó ń wọ̀ ọ́ létí.

Nígbà tí a jẹun tán, mo bá ìyàwó wa níbi tó ti ń fọ abọ́, mo bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ orúkọ náà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ní ṣọ́ọ̀bù yín náà ni. Obìnrin tó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, ṣé ẹ ò rántí rẹ̀ ni?"

Mo rántí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìdirun ni mo ní, ìyàwó wa sì ń bá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí oyún tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Lọ́jọ́ náà òun jókòó, ó na ẹsẹ̀ tó wú sórí àpótí, èmi ni mo di irun obìnrin náà. Òjò ń rọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n aṣọ obìnrin náà gbẹ. Mo fi ìyarun la irun rẹ̀, ìka mi kan awọ orí rẹ̀, ó tutù bíi ilẹ̀ símẹ́ńtì. Ẹfun wà lára ìka ọwọ́ rẹ̀, mo sọ lọ́kàn mi pé olùkọ́ ni. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbórí sókè, yóò kọjú sí ẹnu ọ̀nà, yóò pe orúkọ yẹn, yóò ní, "Má lọ jìnnà o."

Mo ní, "Ọmọdé ń ṣeré nínú irú òjò yìí, mà?"

Ó ní, "Ó fẹ́ràn òjò."

Ìyàwó wa na ọrùn wo ìta, ó ní ọmọ náà á ti sá sẹ́yìn ògiri. Ó wá ní, "Orúkọ ọmọ yín mà dùn létí o."

Obìnrin náà wo ikùn ìyàwó wa. "Ó wù ọ́?"

"Ó wù mí gan-an ni, mà."

"Mú un," obìnrin náà ní. "A ò ní bá ọ jà sí i."

Àwàdà la pè é nígbà náà. Àmọ́ láti ibi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ yẹn, mo lọ bá àbúrò mi, mo ní, "Ìwọ ńkọ́, níbo lo ti rí tìẹ?" Ó gbé èjìká sókè. Ó ní òun ṣáà wà níbi iṣẹ́ ni, ni orúkọ náà bá wá sí òun lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un rò. Ìyàwó wa dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà, nítorí orúkọ ìyá yín ni ẹ ṣe ń bínú." Mo kó abọ́ tó kù lọ fọ̀.

Wẹ́rẹ́ ni wọ́n bí ọmọ náà, ó rẹwà dọ́ba, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí. Ọmọ tuntun tí o bá pè, tó bá gbọ́ rárá, ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò yí ojú sí. Tiwa, bí a bá ti pe orúkọ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Bí ìyá rẹ̀ bá gbé e dání, tí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ọmọ, tó rọra pè é, yóò yí ojú kúrò lára ìyá rẹ̀, yóò wo ẹnu ọ̀nà, yóò rẹ́rìn-ín. Ó ń mu ọmú dáadáa, síbẹ̀ kò wúwo. Bí a ti ń pè é tó, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń tutù sí i. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní òun kò rí àìsàn kankan, pé kí a máa wọ̀ ọ́ láṣọ tó nípọn. A wọ̀ ọ́ ní súwẹ́tà lórí súwẹ́tà. Bí mo bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà, ọwọ́ mi á bá òtútù kan náà tó wà lórí obìnrin yẹn. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sọ ọ́ jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé omi lọ fún àbúrò mi lẹ́yìn ilé. Òkúta kékeré kan fara ti ògiri, àbúrò mi fi àpò símẹ́ńtì bò ó. Òkúta ọmọdé ni. Ẹsẹ̀ mi gbá àpò náà, ó ṣí, mo sì ka ohun tí wọ́n fín síbẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí gbogbo èèyàn ṣe ń kàwé. Omi tí mo gbé dání dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Mo ní, "Wá ka èyí fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé mi kì í kà wọ́n."

"Mo ní kí o kà á."

Ó tẹ̀ síwájú. Ó fi ọwọ́ kan lẹ́tà àkọ́kọ́, ó fà á lọ títí dé èyí tó gbẹ̀yìn.

"Ta ló gbé iṣẹ́ yìí wá?"

"Obìnrin kan ni. Aṣọ eérú ló wọ̀. Oyún kò tíì hàn lára ìyàwó mi nígbà náà." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó ní kí n fi àyè ọjọ́ tí ó kú sílẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní ẹni tó ni orúkọ náà kò tíì dé. Mo rò pé ìrìn àjò ni wọ́n lọ, pé wọ́n ń gbé òkú náà bọ̀."

Ó dìde, ó gbé òòlù ńlá, ó fọ́ òkúta náà túútúú. Ó ń fọ́ ọ, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Nígbà tí a wọlé sọ fún ìyàwó wa, òun kò sunkún. Ó kàn ń fi súwẹ́tà ọmọ nu ojú ọmọ, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó ní, "Orúkọ ìyá yín. Òun la ó máa pè é láti òní lọ. Ẹ dárí jì mí, Ẹ̀gbọ́n." Fún ìgbà kejì láyé wọn, kò sí ẹni tó jiyàn.

A kò jẹ́ kí orúkọ àtijọ́ yẹn tún bọ́ lẹ́nu wa mọ́. Orúkọ ìyá wa la fi ń pè é láàárọ̀, òun la fi ń pè é lọ́sàn-án, a sì fi kọrin fún un. Ọmọ náà kò wo ẹnikẹ́ni. Ńṣe ló dà bíi pé ará ilé mìíràn là ń pè. Ara rẹ̀ kò gbóná, ṣùgbọ́n kò tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a sì ń dúpẹ́ lórí ìyẹn.

Ọ̀sán ni ó jẹ́, oòrùn mú ganrínganrín. Ìyàwó wa jókòó sí pálọ̀, ó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, èmi ń ká aṣọ. Ọmọ náà kò tíì lè jókòó fúnra rẹ̀, kò tíì wí ju igbe lọ. Ohùn obìnrin kan wá láti òpópónà, kò pariwo, ohùn ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ wálé láti ibi eré ni. Orúkọ yẹn ló pè.

Ọmọ náà ní, "Mà."

Ó dún ketekete, bí ọmọ tó ti lọ sílé ìwé. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti dá a lóhùn.

Mo sáré sí ẹnu ọ̀nà. Obìnrin aláṣọ eérú náà ti kẹ́yìn sí mi, ó ń lọ. Ó rọra ń gbé ẹsẹ̀ bíi ẹni tó ń dúró de ọmọdé, ó tẹ̀ díẹ̀ sí apá kan, ọwọ́ rẹ̀ apá ibẹ̀ ká bí ẹni tó di nǹkan kékeré mú. Mi ò rí nǹkan kan nínú ọwọ́ náà. Ó yà ní kọ̀rọ̀ òpópónà, mi ò rí i mọ́.

Mo padà wọlé. Ọmọ náà ṣì wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń mí. Mo fi ọwọ́ kàn án. Ara rẹ̀ gbóná fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo pè é ní orúkọ ìyá wa, ó yíjú sí mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ògiri, ó wo ìjókòó, bí àlejò ṣe ń wo ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wọ̀.

Ìyàwó wa kò gbójú sókè. Ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ta ni mo gbé dání yìí?"

Mo ní, "Ọmọ rẹ ni."

Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí, ó sanra, ó ń jẹun, bàbá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́, ó ń di irun rẹ̀, kò fi ìyà jẹ ẹ́ rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn títí di òní, kò pè é lórúkọ kankan.