Ohun Pupa Inú Ife Àǹtí Sìkírátù

Omi àlùwàlá ni Zikrullah ń dà sí ẹsẹ̀ ọ̀tún nígbà tó ṣubú. Kò ké, kò pe ẹnikẹ́ni. Kẹ́tùlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń ṣàn lọ sí gọ́tà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí orí kì í fọ́ pàápàá ni. Kí wọ́n tó ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ ní Baruwa lọ́dún 2013 yẹn, àwọn ẹlẹ́nu ti mọ ẹni tó pa á.

Àǹtí Sìkírátù ni wọ́n kà á sí lọ́rùn. Àbúrò bàbá Zikrullah ni, ó bí ọmọ mẹ́ta, ó sì sin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé tí Zikrullah àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì jọ kọ́. Obìnrin tó bá sin ọmọ mẹ́ta, ayé á ní òun ló jẹ wọ́n. Ibi tí ọgbọ́n ayé mọ nìyẹn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni Jàfárù, èyí àárín nínú wọn, káfíńtà tó ń kan bẹ́ẹ̀dì ní Akowonjo. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọkàn rẹ̀ kò ti lù dáadáa mọ́. Yóò sáré, yóò dúró díẹ̀, yóò tún ta gìjà bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já okùn. Ó ti lo oògùn títí ó fi sú u. Dókítà Ọláyẹmí nílé ìwòsàn tó ń lọ wá bá a sọ òótọ́ pé oògùn ò ká a mọ́. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ń bọ̀ láti òkè òkun. Wọn yóò la àyà rẹ̀, wọn yóò tún ilẹ̀kùn ọkàn tó ti bàjẹ́ ṣe, wọn yóò sì jó ojú ibi tó ń mú un ta gìjà. Bí kò bá ṣe é, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ọkàn náà, kó gun orí, kó sọ ọ́ di arọ. Bó bá sì ṣe é, àwọn kan wà tí wọn kì í jí. Kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé, ó gbọ́dọ̀ mú ẹni méjì wá tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta ni yóò parí.

Jàfárù rò ó títí. Kí wọ́n fi ayùn la àyà òun bí òun ṣe ń la pákó? Ṣùgbọ́n láti gbé pákó kan ṣoṣo dé ìdí tábìlì, ó ti di kó kọ́kọ́ jókòó mí. Ó wá délé, ó ní kí wọ́n gba òun nímọ̀ràn.

Ìmọ̀ràn kọ́ ni wọ́n fún un. Abdulganiyy, ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, ní àjẹ́ ló di ọkàn náà mú, pé ọjọ́ tí wọ́n bá là á ni yóò ráyè gbé e lọ tán. Nígbà tí Jàfárù sọ ti ẹ̀jẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ òun ò ní kúrò lára òun nílé tí àjẹ́ bá wà. Àwọn ìbátan yòókù náà rí nǹkan wí. Ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní òun ń gbààwẹ̀.

Àsìkò yìí ni òwìwí kan bẹ̀rẹ̀ sí í bà lórí táńkì omi ní ìrọ̀lẹ́. Àmínát, ìyàwó Jàfárù, tún wá bu epo síná. Ó ní òun rí Àǹtí Sìkírátù lẹ́yìnkùlé ní ìdájí, ó ń mu nǹkan pupa nínú ife, ó sì yára nu ẹnu nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó ní Ọjọ́bọ̀ kan wà tí obìnrin náà borí jáde kílẹ̀ tó mọ́, tí kò sọ ibi tó lọ. Abdulganiyy ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ kó tó di Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Inú bí Jàfárù, kò sì mọ ẹni tí yóò bínú sí. Ó bínú sí ọkàn tó wà láyà rẹ̀, ó bínú sí òwìwí, ó bínú sí ara rẹ̀ jù, nítorí pé ẹ̀rù àǹtí náà ti ń ba òun náà. Ìdájí ọjọ́ kejì, ọkàn rẹ̀ ta á jí. Ó gbọ́ ìró ìdérí ìkòkò lẹ́yìnkùlé. Ó yọjú. Àǹtí Sìkírátù gbé ife sẹ́nu, ohun tó wà níbẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó sì fọwọ́ di ògiri mú kó má baà bì í. Jàfárù jáde sí i.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń mu?"

"Pòròpórò ọkà bàbà ni. Kò dùn, jàre."

Ó wo inú ìkòkò. Pòròpórò ló kún ibẹ̀ lóòótọ́, irú èyí tí àwọn ìyá wọn ń sè fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Àǹtí Sìkírátù jókòó sórí àpótí, ó wá rojọ́. Òun ti lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn náà. Wọ́n gún òun níka, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ òun kò tó, kí òun lọ tọ́jú ara fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú ló ń ti òun tí òun ò fi sọ pé wọ́n dá òun padà.

"Wọ́n ní mò ń mu ẹ̀jẹ̀," ó wí, "ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n wá lára mi tí wọn ò rí."

Jàfárù fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ẹ̀jẹ̀ Àǹtí Sìkírátù ti tó, wọ́n sì gbà á. Báyọ̀dé, aládùúgbò wọn tó máa ń wọ sùtánà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, ló ṣe ẹnì kejì, kò tiẹ̀ dúró kí wọ́n bẹ òun. Jàfárù gbé ìkòkò pòròpórò náà síwájú àwọn ará ilé, ó sì rò fún wọn. Àmínát dorí kodò, nítorí òun náà mu ún nígbà tó lóyún. Abdulganiyy kò yí ohùn padà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó tẹ̀lé Jàfárù àti àǹtí náà dé ilé ìwòsàn láti dá iṣẹ́ abẹ náà dúró, ó sì dúró ti Jàfárù bí nọ́ọ̀sì ṣe ń na ìwé ìfọwọ́sí iṣẹ́ abẹ sí i.

"Tí ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí bá wọ ara ẹ," ó wí, "ọmọ ẹ̀ lo máa dà."

Jàfárù wo àǹtí náà níbi tó jókòó sí, tí òwú àná ṣì lẹ̀ mọ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù abẹ náà ṣì ń bà á gidigidi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ọmọ wọn ni mí tẹ́lẹ̀."

Ó buwọ́ lùwé. Nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ ẹbí tí wọn yóò pè bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, Jàfárù sì ní kí wọ́n kọ Sìkírátù.