Ìjẹ́wọ́ Kúkúrú Aláàárù

Láyé ọjọ́un, kí reluwé tó dé, orí èèyàn ni gbogbo ẹrù ń gbà dé etíkun. Ìgbà náà ni ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé ẹjọ́ onípáánù sí ẹ̀yìn bárékè, tí wọ́n sì ní lọ́yà kankan kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀. Adájọ́ yóò gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò sì fẹnu ara rẹ̀ bi ẹlẹ́rìí léèrè. Wọ́n ní ìyẹn náà tó ẹ̀tọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dá ẹjọ́ Kúkúrú aláàárù níbẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu rẹ̀ ń bọ̀ wá jẹ́rìí.

Kì í ṣe aṣọ ọlọ́pàá ló wọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó má wọ̀ ọ́, pé iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ṣì pọ̀ níwájú. Aṣọ ńlá aláró ló gbé wọ̀, pẹ̀lú bàtà awọ àti ọ̀pá ìrìn-àjò, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláàárù ṣe mọ̀ ọ́n: Ọ̀gá Ọ̀nà-Jíjìn, olórí èrò tó ń kó ẹrù lọ sí etíkun. Nínú ọgbà ilé ẹjọ́, ìyàwó Kúkúrú, tó ń rán àpò fún àwọn oníṣòwò, rí i. Ó sáré wá kúnlẹ̀ tòun ti oyún oṣù mẹ́jọ.

"Ọ̀gá, ẹ kú àárọ̀, ẹ sì ṣeun. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fi wá sílẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé, wọ́n ní ẹkún mi á da ilé ẹjọ́ rú. Ẹ bá wa bá wọn sọ̀rọ̀ o."

"Dìde, ìyàwó. Dìde nílẹ̀." Ó ti yà wọlé kí obìnrin náà tó dìde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ilé ìkẹ́rùsí ìjọba ló jóná, olùṣọ́ ibẹ̀ sì kú sínú iná. Kò tíì pẹ́ tí Kúkúrú bá olùṣọ́ yìí jà, nítorí pé olùṣọ́ náà já òṣùká gbà lórí rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀. Ìjà lásán, irú èyí tí aláàárù ń jà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi náà rù.

Oṣù méjì gbáko ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi pe ara rẹ̀ ní Ọ̀gá Ọ̀nà-Jíjìn, tó fi bá Kúkúrú jẹ, tó fi bá a mu. Ó ra aṣọ òtútù fún un, ó ra oògùn fún ìyàwó rẹ̀. Kúkúrú kò ga ju àgbá lọ, àmọ́ ẹrù èèyàn méjì ló ń dá gbé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ní ẹrù ló tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Ó fẹ́ràn Ọ̀gá Ọ̀nà-Jíjìn bí ẹ̀gbọ́n tó bá a tan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá yìí bi í nípa iná náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dáhùn pé, "Ọ̀gá, mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀ o. Ilé ni mo wà."

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dọ́gbọ́n mìíràn. Òun náà ti ru ẹrù rí nígbà èwe rẹ̀, ó sì mọ ìṣe àgbàlá aláàárù. Kí olórí èrò tó yan ẹnikẹ́ni níbẹ̀, yóò bi í pé, "Kí lo ti ṣe rí?" Ẹni tó bá ní òun kò ṣe nǹkan kan rí, ilé ni yóò gbà lọ. Nítorí náà irọ́ gbuu ni kálukú ń pa. Ẹnì kan á ní òun fọwọ́ lásán fún ẹkùn lọ́rùn, ẹlòmíràn á ní òun ru ọkọ̀ ojú omi la igbó kọjá. Kò sẹ́ni tó ń já ẹnìkejì nírọ́, kò sì sẹ́ni tó ń gbà á gbọ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á gbé ẹrù.

"Ìrìn-àjò etíkun kan ń bọ̀," ni ó sọ lójú ọlọ́pàá méjì tó múra bí aláàárù. "Èrè rẹ̀ á tó èèyàn tọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọlọ́kàn líle nìkan ni mò ń mú lọ. Kúkúrú, kí lo ti ṣe rí?"

Kúkúrú rántí oyún ìyàwó rẹ̀. Ó gbá àyà. "Èmi tí ẹ ń wò yìí ni mo dáná sun ilé ìkẹ́rùsí! Ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni mo ju iná gbà. Olùṣọ́ ń ké, èmi ń rẹ́rìn-ín!"

Ilé ìkẹ́rùsí náà kò ní fèrèsé kankan. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló yẹ ibẹ̀ wò lẹ́yìn iná. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà mú kálàmù, ó fa ìlà pa ọ̀rọ̀ fèrèsé, ó sì fa ìlà pa ẹ̀ẹ̀mẹta tí Kúkúrú sẹ́.

"Ìjẹ́wọ́ la rán ọ," ni ó wí. "Lọ dà á kọ."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ó dà á kọ, ó fọwọ́ sí i, a kò sì ní bá a bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Nílé ẹjọ́, ó búra, ó ka ìwé náà. Kúkúrú dúró láàárín ọlọ́pàá méjì, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ rí Ọ̀gá Ọ̀nà-Jíjìn tó wọlé, ó ti rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé ìrànlọ́wọ́ dé. Ògbufọ̀ ló wá ṣàlàyé fún un pé ọlọ́pàá ni. Lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, àwọn kan ti ń sọ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ ìkà ni láti sọ sí ẹni tí wọ́n fi oúnjẹ fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Adájọ́ sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀: "Olúwa mi ní ẹ̀tọ́ rẹ ni láti bi ẹlẹ́rìí yìí ní ìbéèrè. Bi í ní ohun tó bá wù ọ́."

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti bá ara rẹ̀ dá májẹ̀mú. Bí Kúkúrú bá bi í pé, "Ṣé mi ò sẹ́ fún yín lẹ́ẹ̀mẹta?" yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá bi í nípa irọ́ àgbàlá aláàárù, yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún adájọ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́, kó bọ́. Ṣùgbọ́n àfi kí wọ́n kọ́kọ́ bi í. Májẹ̀mú ojo ni, òun náà sì mọ̀. Ó tẹjú mọ́ ẹnu Kúkúrú, ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀: bi mí, jọ̀wọ́, bi mí.

Kúkúrú gbójú sókè wò ó.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "ìrìn-àjò etíkun yẹn, ṣé kò sí i ni?"

"Kò sí i."

"Kò tiẹ̀ sí i rárá?"

"Rárá."

Kúkúrú mi orí. Ó ní òun kò ní ìbéèrè mìíràn.

Àyè ṣì wà. Adájọ́ ń kọ̀wé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ki kálàmù bọ yíǹkì, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì kà á. Kò sí ohun tó dí i lẹ́nu ju ojú ọ̀gá rẹ̀ tó jókòó níwájú. Nígbà tí adájọ́ gbé kálàmù sílẹ̀, ó ní kí wọ́n so Kúkúrú rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára rẹ̀.

Nínú ọgbà, ìyàwó Kúkúrú di etí aṣọ aláró náà mú.

"Ọ̀gá, wọ́n ní wọ́n á so ó rọ̀. Irọ́ ni, àbí?"

"Òótọ́ ni."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin wà níbẹ̀! Gbogbo ìgbà tó ń sọ pé òun ò mọ nǹkan kan, etí yín ló ń sọ ọ́ sí. Ṣé ẹ sọ fún wọn?"

Ó wolẹ̀. "Wọn ò bi mí," ni ó wí.

Obìnrin náà kò tú aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń retí kó sọ ìyókù.