Ọtí Tí Wọn Kì Í Ṣí

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Bàbá Hou ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún ni wọ́n bá òkú rẹ̀ lórí àga, ife kékeré lọ́wọ́, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Dókítà ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ìlú Linpu gbà bẹ́ẹ̀, àfi Inspẹ́kítọ̀ Qiu, obìnrin tí kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Ó rọra gbé ìgò ọtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà lọ fún àyẹ̀wò. Májèlé ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Qiu pa ẹnu mọ́.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Luo, agbaṣẹ́ṣe tó gbé ọtí náà fún bàbá lọ́jọ́ ìbí rẹ̀.

"Ìyàwó alága ìlú ló fún mi nígbà ìgbéyàwó ọmọ mi," ni Luo wí.

"Ẹ ò tọ́ ọ wò?"

"Inspẹ́kítọ̀, ta ní í mu irú ọtí olówó gọbọi yẹn? Ẹ̀bùn ni."

Ìyàwó alága ní Ọ̀gá Miao, olórí ọ́fíìsì ilẹ̀, ló fún àwọn. Miao ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Hou, igbákejì mi, ló fún mi. Ọmọlúàbí ni. Tí mo bá ń mu gbogbo èyí tí wọ́n ń fún mi, ẹ̀dọ̀ mi á ti jẹrà."

Hou yìí gan-an ni ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé bí. Ẹ̀rù ba Qiu. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rí ojú bàbá yẹn nínú dígí ọkọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, èéfín tùràrí bo fọ́tò bàbá, síbẹ̀ ó dà bíi pé ojú inú fọ́tò náà ń tẹ̀ lé èèyàn kiri. Irú ìgò kan náà wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé kí kálukú ta díẹ̀ sílẹ̀ fún òkú, kí ó sì mu ìyókù. Luo mu. Miao mu, ó tún lá ètè. Hou gbé ife sún mọ́ ẹnu, ó tún gbé e kúrò.

"Ẹ bá bàbá yín mu ún," ni Qiu wí.

"Inú ń run mi."

"Àná ni mo ra èyí. Àwọn tó gbé ti àkọ́kọ́ kiri mu ún láìbẹ̀rù, torí ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ọkàn ló pa bàbá. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ májèlé létí ẹnikẹ́ni. Ìwọ nìkan ni ìgò yìí ń dẹ́rù bà. Àga Miao lò ń wá. O gbàgbé pé Miao kì í mu ẹ̀bùn, ṣe ló máa ń fi wá ojúrere."

Miao fọwọ́ di ọ̀fun ara rẹ̀ mú.

Hou kúnlẹ̀ níwájú fọ́tò. "Bàbá pè mí lọ́jọ́ ìbí wọn," ni ó wí. "Wọ́n ní Luo fún àwọn ní ọtí àwọn ọlọ́lá nítorí ipò mi, kí n wá ká jọ mu ún. Mo ní ọwọ́ mi dí." Ó gbójú sókè. "Ìyókù ọtí àkọ́kọ́ yẹn dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ wa."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù ú fún mi."

Qiu gba ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.