Aṣọ Obìnrin Tí Wọ́n Ní Kò Sí

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ìjà ló bá wá. Mo ń kan bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù bàbá olówó inú eré wa lọ́wọ́, ló bá yọjú sí yàrá aṣọ.

"Ta ni aránṣọ ibí? Bàbá wa àgbà kò wọ bọ́tìnì wúrà rí láyé wọn."

"Èmi ni. Ṣé o ti délé ayé nígbà yẹn ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Wàhálà mi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Eré tẹlifíṣọ̀n tí à ń ṣe, ìtàn ìdílé wọn ni: bí bàbá àgbà ṣe fi ọṣẹ di olówó rẹpẹtẹ ní bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Wọ́n yá wa ní ilé iṣẹ́ àtijọ́ wọn, wọ́n sì rán àbíkẹ́yìn ilé, tí gbogbo wa ń pè ní Ọlọ́ṣẹ, pé kó máa ṣọ́ wa. Èmi nìkan ló ń ṣọ́ ní tiẹ̀.

Láàárín oṣù mẹ́ta, tí n kò bá tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀, n kò lè jókòó. Màá rìn dé ẹnu ọ̀nà, màá rìn padà, abẹ́rẹ́ á máa gún mi lọ́wọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n má parọ́. A ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Àfìgbà tí òǹkọ̀wé eré hú ọ̀rọ̀ ìyàwó àkọ́kọ́ bàbá àgbà jáde, tó sì fi í sínú eré. Obìnrin yìí ló kọ́kọ́ se ọṣẹ náà. Nígbà tí owó dé tán, wọ́n lé e, wọ́n ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá Ọlọ́ṣẹ, ọmọ bàbá àgbà gan-an, wá bá mi fúnra wọn.

"Kò sí obìnrin kankan. Tí o bá rán aṣọ fún un, má wọ ilé mi mọ́."

Mo sáré lọ bá Ọlọ́ṣẹ.

"Olólùfẹ́ mi, aṣọ kan ṣoṣo mà ni," ó ní. "Sọ pé kò tíì parí. Lọ́la la ó kúkú parí eré."

"Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ lẹ ní kò sí. Ọjọ́ wo lẹ máa ní èmi náà kò sí?"

Mo padà sí yàrá aṣọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú bí mi. Mo tú aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo tún un rán.

Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, òṣèré wọ̀ ọ́, ó dúró ti ìkòkò ọṣẹ. Ẹsẹ̀ mi kò dúró sójú kan. Ni Ọlọ́ṣẹ àti màmá rẹ̀ bá wọlé. Ó wá tààrà, ó di ọwọ́ mi mú lójú wọn.

"Màmá mi, ẹ má bínú. Tí ẹ bá ní kó má wọlé yín, èmi náà ò ní wọ̀ ọ́."

Òṣèré yẹn ni Màmá tẹjú mọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Bí olùdarí ṣe ní ká bẹ̀rẹ̀ báyìí, wọ́n pariwo.

"Ẹ dúró! Apá aṣọ yẹn gùn jù. Ti òsì, ìgúnpá ni kó mọ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ro ọṣẹ, wọn kì í fẹ́ kó ta sí i!"

Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde. Omi bọ́ lójú wọn.

"Àwọn ló ń wẹ̀ mí ní kékeré," wọ́n ní.

Wọ́n wá kọjú sí Ọlọ́ṣẹ.

"Kí lò ń wò? Wá abẹ́rẹ́ fún ìyàwó rẹ."