Kí Ẹnikẹ́ni Má Fọwọ́ Kan Fóònù Náà

Ọwọ́ ni Olúṣẹ̀yẹ kọ́kọ́ rí. Kò tíì rí ojú, kò tíì rí aṣọ. Ọwọ́ méjì ni ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Ilẹ̀wò lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé náà, wọ́n dúdú bí ìgbà tí òjò ṣú, dúdú ọ̀hún sì gùn dé ìgbọ̀nwọ́. Fóònù kan wà ní ọwọ́ ọ̀tún, òmíràn wà ní ọwọ́ òsì.

“Ẹ káàsán, ẹnjiníà.”

“Ẹ káàsán, sìstá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bọ́ ìbọ̀wọ́ yín, kí ó má baà ha ojú fóònù.”

Ọmọbìnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo Olúṣẹ̀yẹ, ó tún wo ọwọ́ rẹ̀.

“Ìbọ̀wọ́ wo? Ọwọ́ tí Ọlọ́run fún mi nìyí o! Aláró ni mí. Àbí kí n gé e sílẹ̀ fún yín?”

Ojú ti Olúṣẹ̀yẹ. Níbi tí ó ti fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé irin gbígbóná tí ó fi ń jó wáyà. Ó pariwo, ó fò sókè, orí rẹ̀ gbá pátákó tí ó kọ “Iṣẹ́ Wa Kò Lábùkù” sí, pátákó já, ó sì kọ́ ọ lọ́rùn bí ẹ̀gbà. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, irin yẹn kò jó Olúṣẹ̀yẹ tó bí ẹ̀rín náà ṣe jó o.

Làtífátù ni orúkọ rẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ìgbéìn, ìsọ̀ àdìrẹ rẹ̀ wà ní Ìtòkú. Asiata, ìyá rẹ̀, ni ó kọ́ ọ níṣẹ́ aró. Ìyá náà ti dolóògbé. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣe àdúrà ọdún kan rẹ̀.

“Fóònù màámi nìyí.” Ó na Áńdírọ́ìdì àtijọ́ kan sí i. “Omi aró dà sí i. Síìmù mi ni mo fi sínú rẹ̀ báyìí. Bí wọ́n bá pè mí, mo lè gbọ́, ṣùgbọ́n bí fídíò bá ń sọ̀rọ̀, kẹ́kẹ́ pa. Ìdajì ojú rẹ̀ sì ti ṣókùnkùn. Gbogbo fọ́tò wọn ló wà nínú rẹ̀, àti fídíò mẹ́tàdínlógún. Nínú ọ̀kan, wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya batani kan sórí aṣọ, Ọpẹ́ Ò Tán ni wọ́n ń pè é. Àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n yà. Mo fẹ́ ya irú rẹ̀ fún ọjọ́ àdúrà, kó má baà bá wọn wọlẹ̀ títí láé.”

“Ẹ ò fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù?”

“Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.” Fídíò tí ó fi hàn án rí bàìbàì, ojú ìyá náà dà bí ẹ̀kọ tí kò dì. “A gé e kúrú kó lè lọ, ohun tó dà nìyí. Ta ló lè ka ìlà batani nínú èyí?”

Fóònù kejì, Áífóònù tuntun ni, ibẹ̀ ló fẹ́ kó wọn sí. Kò tíì kúrò nínú ọ̀rá. Olúṣẹ̀yẹ ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ mọ̀, ó bi í pé: “Ta ló rà á fún yín?”

“Muideen ni. Ó wà l'Ékòó.”

Olúṣẹ̀yẹ gbójú kúrò lára Áífóònù náà. Àṣé wọ́n ti gbà á kí òun tó dé! Síbẹ̀, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.

“Ẹ wò ó, sìstá. Áńdírọ́ìdì àti Áífóònù, bí orogún méjì ni wọ́n rí. Wọ́n lè jọ wà lórí tábìlì kan, wọn kì í kí ara wọn. Áàpù kan wà tó máa bá wa là wọ́n, á máa kó ẹrù tibí lọ sọ́hùn-ún díẹ̀díẹ̀ lórí Wai-Fai. Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan fóònù náà títí á fi pé ọgọ́rùn-ún. Bí ìpè bá wọlé, ó ti já nìyẹn. Òdo la ó tún ti bẹ̀rẹ̀.”

Ni àwọn méjèèjì bá jókòó ti fóònù méjì, bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Mẹ́ta. Mọ́kànlá. Ogún. Làtífátù mú gúgúrú jáde nínú báàgì, wọ́n jọ ń jẹ ẹ́. Olúṣẹ̀yẹ bi í bí aṣọ ṣe ń mu aró.

“Kì í mu ún lẹ́ẹ̀kan. A ó rì í, a ó fà á sókè kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, a ó tún rì í. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, ayinrin, aró tí kò jinlẹ̀, ló máa kó lọ sílé.”

“Èmi ní sùúrù.”

“Ẹni tó jókòó sórí irin gbígbóná!”

“Ọwọ́ ni mo gbé lé e. N kò jókòó sórí ẹ̀.”

“Ó kù díẹ̀ náà ni.”

Nígbà tí ó di mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, agogo mẹ́rin lù, fóònù gbọ̀n rìrì, orúkọ yọ lójú rẹ̀: *Muideen Mi*. Ẹrù já. Olúṣẹ̀yẹ wo “Mi” yẹn bí ẹni tó rí ejò nínú bàtà.

“Ẹ padà wá lọ́la,” ló sọ.

Ó yẹ kí n sọ àṣírí kan fún yín níbí. Bọ́tìnì kékeré kan wà lókè ojú fóònù, àwòrán ọkọ̀ òfuurufú ló wà lára rẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, kò sí ìpè tó lè wọlé mọ́, a sì tún lè tan Wai-Fai padà kí iṣẹ́ máa lọ. Ọmọ iléèwé mọ̀ ọ́n. Ṣé Olúṣẹ̀yẹ mọ̀ ọ́n? Ó mọ̀ ọ́n bí ó ṣe mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ṣé ó tẹ̀ ẹ́? Kò tẹ̀ ẹ́! Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, ẹrù á pé, ọmọbìnrin náà á dìde, á sọ pé “ẹ ṣé o,” ó parí. Ọkùnrin tí ó kórìíra jù láyé, Muideen, ni ó wá ń bá a dá ọmọbìnrin náà padà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́rin géérégé, Muideen pè. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún! Ó já. Làtífátù kígbe “yéè!” ṣùgbọ́n igbe náà kò dé ọ̀fun. Lọ́jọ́rú, wọ́n tún jókòó. Nígbà yìí, “ẹ” ti di “o”, “ẹnjiníà” ti di “Ṣẹ̀yẹ”. Fóònù àtijọ́ náà ti gbóná bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára iná, àwọn méjèèjì kò sì fura, ojú ara wọn ni wọ́n ń wò. Agogo mẹ́rin, Muideen pè. Fóònù gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ ṣú, kò sì là mọ́.

Olúṣẹ̀yẹ tẹ̀ ẹ́. Ó fi wáyà sí i. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀: bátìrì ti wú bí àkàrà.

“Ṣẹ̀yẹ,” ohùn Làtífátù kéré, “màámi wà nínú ẹ̀. Jọ̀ọ́, jí wọn fún mi.”

Olúṣẹ̀yẹ yọ bátìrì náà, ó gbé e sórí tábìlì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alhaji Sàlàhúdíìnì, bàbá Làtífátù, wọ ṣọ́ọ̀bù. Akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó mú agbòòrùn dání bí kùmọ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e.

“Ìwọ ni ẹni tó pa ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kejì?”

Olúṣẹ̀yẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó lè parọ́. Ó lè sọ pé ogbó ló pa fóònù. Kò parọ́.

“Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá. Bọ́tìnì kan wà tí ǹ bá tẹ̀, kí ìpè má wọlé. Kọ̀ǹpútà wà tí ǹ bá kọ́kọ́ dà á sí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mo fẹ́ kí ọmọ yín máa padà wá.”

Làtífátù la ẹnu, ó pa á dé, ó sì gbójú sílẹ̀.

“Gbọ́,” Alhaji wí, ó na agbòòrùn sí i. “Ọjọ́ tí o bá rí ohùn ìyàwó mi, gbé e wá. Bí o kò bá rí i, má jẹ̀ẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ ní Ìgbéìn. Ọmọ mi kò ní fẹ́ ẹlẹ́tàn!”

Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ ìgbéyàwó o. Alhaji nìkan ló ti rí i lókèèrè.

Ni Olúṣẹ̀yẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù pa. Láràárọ̀ ló ń bá àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ táì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, tí á máa bi ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù léèrè bátìrì fóònù tí wọn kò ṣe mọ́. Ọjọ́ kìíní, kò rí i. Ọjọ́ kejì, wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Lọ́jọ́ kẹta, inú ọkọ̀ ojú irin ló wà tí fóònù tirẹ̀ fi dún.

“Ẹnjiníà, Muideen nìyí.”

Olúṣẹ̀yẹ jókòó dáadáa, ó múra ìjà. “Kí lẹ fẹ́?”

“Ẹ̀gbọ́n Làtífátù ni mí. Ìyá kan, bàbá kan.”

Kí Olúṣẹ̀yẹ tó mọ ohun tó ń ṣe, òun ọmọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dìde, ó ń kígbe “Àlùhámúdúlílááì!” Ìdajì ọkọ̀ ojú irin sì dá a lóhùn.

“Kí ló ṣẹlẹ̀ síbẹ̀ yẹn?” Muideen bi í. “Ó dáa, Làtí ló fún mi ní nọ́ńbà rẹ, mo ti bá ọ rí bátìrì náà, wá gbà á. Àti pé má dá ara rẹ lẹ́bi tán. Làtí fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé kí n má ṣaláì pe òun ní agogo mẹ́rin. Mo bi í kí ló dé, ó ní kí n sáà pè.”

Olúṣẹ̀yẹ rọra jókòó. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ títí wọ́n fi dé ibùdókọ̀.

Nígbà tí bátìrì tuntun wọlé, fóònù àtijọ́ náà la ojú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ó tẹ bọ́tìnì, ó tan Wai-Fai, ó sì káwọ́ lẹ́yìn bí ẹni tó wà níwájú ọba. Ọgọ́rùn-ún pé! Kò sí ẹni tó bá a jẹ gúgúrú.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ ní àgbàlá Alhaji ní Ìgbéìn.

“Gbé e sílẹ̀, kí o máa lọ,” Alhaji wí, kò gbójú kúrò lára tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Làtífátù ti tẹ fídíò lójú Áífóònù tuntun náà. Ohùn Asiata gba àgbàlá kan, ó mọ́ gaara bí ìgbà tó ń pè wọ́n wá jẹun. Tẹ̀sùbáà dúró. Ọwọ́ ìyá náà ń lọ lójú fóònù, gbogbo ìlà yọ kedere, ìyẹ́ adìyẹ ń rìn nínú ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń dènà aró. Wọ́n gbọ́ tí Làtífátù inú fídíò ní òun ń lọ pọnmi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé ti Wásáàpù. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò dákẹ́. Orí àpótí ni fóònù wà, ó ń bá a sọ̀rọ̀.

“Làtí ti lọ, fóònù, jẹ́ kí n rojọ́ fún ọ. Mo pe batani yìí ní Ọpẹ́ Ò Tán nítorí bàbá ẹ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ akọ̀wé kékeré, ó gbé aṣọ wá kí n bá òun rẹ ẹ́. Mo rẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún gbé e dé, ó ní ó ti ṣá. Ìgbà mẹ́fà! Aṣọ tèmi, tí kì í ṣá! Ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni ìyá ẹ̀ tó sọ fún mi pé ọsàn wẹ́wẹ́ ló fi ń fọ̀ ọ́ tí ó ń sá a sóòrùn, kó lè rí ọ̀nà padà wá. Sàlàhúdíìnì! Mo mọ̀ o, mo dákẹ́ ni. Lójoojúmọ́ ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún irọ́ yẹn. Ìlà mẹ́fà nìyí, ọ̀kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí o wá.”

Alhaji fi agbádá bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Olúṣẹ̀yẹ rò pé ẹkún ni, ẹ̀rín ni. Nígbà tó yá, ẹkún náà ni.

“Asiata! O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa ṣe àgbà lójú rẹ!”

Làtífátù kúnlẹ̀. “Bàbá mi, ẹ forí jì mí. Kì í ṣe Ṣẹ̀yẹ nìkan. Èmi ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa pè, kí ẹrù lè já.” Ó yíjú sí Olúṣẹ̀yẹ. “Má bínú.”

“Mo ti mọ̀. Muideen ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀.”

“O mọ̀, o sì dọ̀bálẹ̀ síbí tí bàbá mi ń lé ọ bí adìyẹ?”

“Ó sàn kí wọ́n lé mi ju kí wọ́n bá ọ wí lọ.”

Alhaji nu ojú rẹ̀. “Ẹlẹ́tàn mẹ́ta ló wà nínú àgbàlá yìí, ẹni tó lè dá wa lẹ́jọ́ ló ń rẹ́rìn-ín nínú fóònù yẹn. Dìde, ẹnjiníà. Fa àga jókòó. Ìgbà mélòó ni ọmọ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ?”

“Ìgbà mẹ́ta, Bàbá. Mẹ́rin, tí a bá ka ọjọ́ tí ẹ jọ wá.”

“Làtífátù, tí o bá ti ya tìyá rẹ tán fún ọjọ́ àdúrà, ya tìrẹ. Ìlà mẹ́rin. Kó àwọn ẹbí rẹ wá, ìwọ ọmọkùnrin yìí, mo fẹ́ mọ̀ wọ́n.”

Lọ́jọ́ àdúrà, Ọpẹ́ Ò Tán onílà mẹ́fà fẹ́ lẹ́lẹ́ lára ògiri, ó dúdú, ó jinlẹ̀, kò sí ayinrin nínú rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Làtífátù fi onílà mẹ́rin ṣe ìyàwó. Lèmọ́mù ṣàdúrà tirẹ̀, pásítọ̀ ṣe tirẹ̀, Alhaji ṣe àmín fún méjèèjì, ó sì ń tẹ bọ́tìnì ọkọ̀ òfuurufú lára fóònù gbogbo ẹni tó wọlé.

Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ tí aṣọ bá pọ̀, Olúṣẹ̀yẹ a máa bá ìyàwó rẹ̀ fà á sókè nínú ìkòkò aró kí ó tó lọ sí Òkè-Ilẹ̀wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kan fẹ́ gbé fóònù fún un, ó tún fà á sẹ́yìn.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bọ́ ìbọ̀wọ́ yín.”

Olúṣẹ̀yẹ wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wò wọ́n dé ìgbọ̀nwọ́.

“Ẹ má bínú,” ó wí. “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò ṣeé bọ́ mọ́.”