Ẹni tó Kọ̀wé lórí Àdúrà tí Kò Lè Gbàdúrà

Ọ̀rẹ́ mi, èèyàn lè máa gbé nílé Ọlọ́run kó má sì bá Onílé pàdé. Bó ṣe rí fún àbúrò mi ọkùnrin nìyẹn.

Mọ́ǹkì Bẹnẹdíkítì ni, ọ̀kan lára àwọn ọkùnrin Kátólíìkì tó ń gbé pọ̀ nílé ìsìn láti máa gbàdúrà. Láàárọ̀, á kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Bíbélì. Lọ́sàn-án, á kọ̀wé lórí àdúrà. Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Bí agogo bá lù, á wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu rẹ̀ á máa ka Sáàmù, ọkàn rẹ̀ á wà lórí ìwé tó ń kọ. Èmi náà ò sàn jù ú lọ: mo máa ń sùn lọ lórí ìkúnlẹ̀ títí itọ́ á fi rin bẹ́ẹ̀dì! Ṣùgbọ́n èmi ò kọ̀wé lórí àdúrà.

Nígbà tí ìyá wa ń kú lọ, ó di ọwọ́ Tíṣà mú.

“Ọmọ mi, gbàdúrà fún mi.”

Tíṣà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Ìyá wa lajú.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

Ìyá yíjú sí ògiri, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ.

Láti ìgbà náà, Tíṣà ò lè gbàdúrà mọ́. Bó bá kúnlẹ̀, inú rẹ̀ á ṣófo bí àgbá òfìfo. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí fún mi, “mo ti gbé. Ọ̀nà tí mi ò rìn rí ni mo ń júwe fáyé.” Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín kú sí mi lẹ́nu.

Nílé àwọn mọ́ǹkì, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹnì kan ló ń kàwé sókè, àwọn yòókù á máa jẹun. Ẹni tó bá ṣẹ̀ á kúnlẹ̀ láàárín yàrá títí olórí ilé á fi kan tábìlì láti fi hàn pé ó ti dárí jì í, kó tó dìde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, olórí ilé ní kí wọ́n ka ìwé tuntun Tíṣà. Mọ́ǹkì pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ọ̀rẹ́ Tíṣà, tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ ló ń kà á: “Ẹni tó ń gbàdúrà mọ ohùn Olúwa rẹ̀…”

“Dákẹ́!” Tíṣà fò dìde. “Irọ́ ni! Èmi tí mo kọ ọ́, mi ò gbọ́ ohùn kankan rí!”

Ṣíbí dúró lẹ́nu gbogbo wọn. Tíṣà wó sórí eékún láàárín yàrá. Olórí ilé kan tábìlì. Kò dìde. Ó tún un kàn. Kò dìde.

Abẹ́rẹ́ gbé ìwé sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ tì í.

“Tíṣà, bá Jésù sọ̀rọ̀.”

“Kí ni mo fẹ́ sọ? Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní ti parí sínú ìwé.”

“Ó dáa náà. Èyí tí kò sí nínú ìwé ni kó o sọ.”

Tíṣà figbe ta: “Jésù, mi ò mọ̀ Ọ́! Orúkọ Rẹ ni mo fi ń gbayì. Gbà mí, mo ń ṣègbé lọ!”

Ikun ń dà nímú rẹ̀ bíi tọmọdé. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ló sọ fún mi lẹ́yìn náà, “Ẹnì kan wà níbẹ̀. Ẹnì kan ń gbọ́.” Nígbà tí olórí ilé tún kan tábìlì, Tíṣà dìde. Pé ìyá wa ò gbọ́ àdúrà yẹn ṣì ń dùn ún títí dòní.

Ìwọ tó mú ìwé yìí dání, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Bóyá ipò ńlá lo dì mú nínú ìjọ, bóyá o ò tiẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí. Má ṣe jẹ́ kó di ìgbà tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ bá kọjú sí ògiri. Kúnlẹ̀ lónìí, kódà bí eékún rẹ bá ń dún bíi tèmi. Sọ òótọ́ fún Jésù. Ọwọ́ Rẹ̀ ti wà lókè tábìlì. Ìkúnlẹ̀ rẹ nìkan ló ń dúró dè, kó tó kàn án pé: Dìde, ọmọ mi.