Kẹ́ẹ̀gì Tó Yẹ Kó Wà Nínú Kòtò

Dòdò ni Bùsáyọ̀ jẹ kó tó ṣubú lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọsibítù n'Ìkirè, gìrì ti mú un, ojú rẹ̀ ti yí sókè. Ẹfúnkẹ́, ìyá rẹ̀, ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ̀bá títì níbi tí Sàlámọ̀tù ti ń dín dòdò ló gbà lọ tààrà. Ó yí agbada dànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá obìnrin náà létí. Ọlọ́pàá ló wá gbà á sílẹ̀, àwọn náà ló sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

"Kí lo fi sínú dòdò?" Sájẹ́ǹtì Èṣùbíyìí bi í ní àgọ́.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa, ata, iyọ̀, epo. Ohun tí ìyá mi fi sí i náà ni, sà."

"Ṣé iyọ̀ ló ń fa gìrì?"

Dókítà ti ránṣẹ́ pé májèlé ni, àmọ́ bí òun ò bá mọ irú májèlé tó jẹ́, òun kàn ń táràrà lásán ni, ọmọ náà sì lè kú. Ẹ̀rù ba Sàlámọ̀tù, àfi bíi pé ògiri àgọ́ ń sún mọ́ ọn. Ta ló máa gbà á gbọ́? Bí Bùsáyọ̀ bá kú, apààyàn ni wọ́n á máa pe òun títí ayé.

Ìgbà tí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀ wọlé ni nǹkan sọ sí i lọ́kàn.

"Sà, epo yẹn ò ṣe ẹnikẹ́ni látọjọ́ yìí. Àná ni mo dà á sínú kẹ́ẹ̀gì yìí. Ọkùnrin kan ló ta kẹ́ẹ̀gì náà fún mi lọ́jà Àpòmù. Ó ní òróró ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Bí mo bá rí i, màá dá a mọ̀."

Wọ́n gbé e tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ sí Àpòmù. Àwọn ọlọ́jà ní Olúgbémi tó ń ta kẹ́ẹ̀gì ṣẹ̀ṣẹ̀ gun ọ̀kadà lọ sí Orílẹ̀-Òwu ni. Wọ́n bá a níbẹ̀ lóòótọ́, nínú aṣọ kakí, láàárín àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣàdúrà fún un. Sàlámọ̀tù nawọ́ sí i. Kíá làwọn àgbẹ̀ yọ àdá, wọ́n yí ọlọ́pàá ká.

"Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án," ni Bàbá Àyànníyì, àgbà wọn, wí. "Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tuntun yìí ló rán an sí wa. Ó ń bá wa kó òfìfo kẹ́ẹ̀gì oògùn tá a fi ń fín kòkó lọ rì mọ́nú kòtò, kí májèlé má baà wọnú odò."

"Ṣé ó jẹ́ kẹ́ ẹ dá a lu kó tó gbé e lọ, kẹ́nikẹ́ni má baà tún lò ó?" Sájẹ́ǹtì bi í.

"Rárá o. Ó ní afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á pa wá. A kàn máa ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ni kó mọ́ tónítóní. Ṣé a máa wá gbé ìdọ̀tí lé àlejò lọ́wọ́ ni?"

"Mi ò mọ obìnrin yìí rí," Olúgbémi dá sí i. "Inú kòtò ni gbogbo kẹ́ẹ̀gì yẹn wà."

"Èyí tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà rẹ ńkọ́?" Sájẹ́ǹtì bi í.

"Kẹ́ẹ̀gì òróró nìyẹn. Ọjà tèmi ni."

Sàlámọ̀tù ò dúró kí wọ́n rán òun. Ó fa kẹ́ẹ̀gì kan yọ lẹ́yìn ọ̀kadà, ó bu omi inú àmù sí i, ó mì í pọ̀, ó sì dà á sínú ife pẹ̀lú ọwọ́ dídè.

"Bàbá, òróró ló pè é. Ẹ ní kó mu ún."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí," ni Olúgbémi wí.

Bàbá Àyànníyì gba ife, ó gbé e dé ẹnu Olúgbémi. "Mu ún lójú wa, ọmọ mi."

Olúgbémi wo ọ̀tún, ó wo òsì, àdá ló rí. Ló bá kúnlẹ̀ gbì. "Oògùn kòkó ni, Bàbá. Ẹ dákun, mi ò gbẹ́ kòtò kankan rí."

Ẹni burúkú gbáà! Ó dárúkọ oògùn náà, ọlọ́pàá kan sì sáré gbé orúkọ náà lọ bá dókítà. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Sàlámọ̀tù, ó bọ́ sí ti Olúgbémi. Inú bí àwọn àgbẹ̀ gidigidi. Wọ́n fi àáké la gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó wà nílẹ̀, wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn tó jìnnà sódò, wọ́n sì rì wọ́n mọ́ ọn.

"Ẹ máa bọ̀, Ìyá," ni Sájẹ́ǹtì wí.

Ẹfúnkẹ́ ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Kò lè gbójú sókè.

"Ìyá Olódòdò, mo lù yín."

"O lù mí. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti jí. Ó ní ebi ń pa òun."

Sàlámọ̀tù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sì sunkún.